Ìyá Ìbejì, Ẹ Máa Bọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Oníkòyí. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀ṣọ́ tó ń fi àyà pàdé ọfà, tí kì í jẹ́ kí ogun rí ẹ̀yìn òun. Àbẹ̀kẹ́ a-gbọ́-má-wìí, a-gbà-pamọ́-má-tú. Ọmọ ìyá mi tó ṣáájú mi wáyé, agbẹ̀bí tí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan orí ìdajì àwọn ọmọ abúlé wa. Àbẹ̀kẹ́, sùn re o.

Orúkọ tí mo máa dá nínú ìwé yìí kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé. Mo ti darúgbó, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka orúkọ gbogbo obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, pẹ̀lú orúkọ ọkọ wọn àti ti ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi pé orúkọ èèyàn kò wúwo títí a ó fi so ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ti so ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ó di ẹrù ẹlẹ́rù, a kì í gbé e láìtọrọ. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí náà mo fi orúkọ sílẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìrókò, lọ́nà tó lọ sí Mọ́níyà. Ìjọ aládùúrà wa ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan àti bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta. Òun ti kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù àwọn míṣọ́n. Èmi ka ìwé mẹ́fà péré. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó ní kí n má jókòó sílé kí n máa wo ògiri, kí n wá máa bá òun mú káàdì. Bí aboyún bá dé, màá wá káàdì rẹ̀ nínú páànù bisikíìtì ńlá tí a ń kó wọn sí, màá pè é, màá sì mú òun àti káàdì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Òun náà ni mo fi da ilé onílé rú.

Páànù yẹn ní àgádágodo. Ọrùn ẹ̀gbọ́n mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé, ní orí okùn kan náà pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀. Ohun tí obìnrin kì í sọ fún ọkọ, tí kì í sọ fún wòlíì, wọ́n ń sọ ọ́ fún un, nítorí oyún ni wọ́n gbé wá, oyún kò sì gbọ́ irọ́. Òun kì í sì í béèrè ju ohun tí oyún nílò lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kọ orúkọ bàbá ọmọ sórí káàdì obìnrin kan.

"Ṣé bàbá ọmọ ló fẹ́ rọbí ni?"

Òṣìṣẹ́ kan wá láti ìjọba ìbílẹ̀, ó fẹ́ da gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé wa kọ. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi tútù fún un, ó sì ka iye ọmọkùnrin àti iye ọmọbìnrin fún un.

"Orúkọ wọn ńkọ́, mà?"

"Ṣebí iye ni ìjọba ní kí ẹ mú wá. Àbí ìjọba fẹ́ wá jẹ ìkómọ ni?"

Wòlíì ìjọ náà ní kí a fún òun lórúkọ àwọn tí oyún ń dà láàmú, kí òun lè fi gbàdúrà. Ó ní, "Wòlíì, ẹ kàn sọ fún Ọlọ́run pé àwọn obìnrin inú páànù. Á mọ̀ wọ́n." Wòlíì rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kún fún etí. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi pàṣẹ pé nọ́ńbà ni kí n máa pè, kí n má pe orúkọ. Àwọn obìnrin kórìíra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ìyá ẹlẹ́pà kan tó ti bímọ mẹ́rin dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Nọ́ńbà bàbá ta? Ṣé mọ́tò ni mí ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Òfin ibí ni."

"Òfin ẹ̀wọ̀n ni! Mo rọbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n má tíì gba orúkọ ọmọ lẹ́nu tìẹ? Ta ló kọ́ ẹ nílé?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í pe ìyá ọlọ́mọ lórúkọ rẹ̀ gan-an, ká má tíì sọ ti nọ́ńbà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni a fi ń pè é. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láìsọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Màá yọjú wo káàdì, màá rí orúkọ ọmọ, màá ké pe ìyá báyìí-báyìí. Wọ́n á dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá tó ń gbé etí lé ikùn aboyún láti gbọ́ ọkàn ọmọ inú, kò gbọ́ tẹnu mi. Ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbẹ̀bí rẹ̀ rí kí n tó débẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Ajíbọ́dé nígbà náà, kò tíì lọ́kọ. Ìbejì ló bí. Ọ̀kan kò ké rárá. Èkejì lo ọjọ́ díẹ̀ láyé, ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ sì dà lára ìyá títí tí ẹ̀gbọ́n mi fi rò pé yóò bá wọn lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin náà lọ́kọ ní abúlé kejì sí tiwa, ó lóyún, ó sì padà wá bá ẹ̀gbọ́n mi ní òun nìkan. Ọkọ kò mọ̀ nípa ìbejì náà, ìyá ọkọ kò mọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀dọ̀ mi ló kú sí." Ó fa káàdì àtijọ́ yọ, ó sì ń bá a lọ lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N ò mọ ojú rẹ̀. Káàdì nìkan ni mo mọ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, tó jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò wa, ó wá pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní bébà kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, mo fa káàdì yọ. Kò sí orúkọ ọmọ lórí rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi báírò pupa kọ: ÌBEJÌ. Inú mi dùn. Nínú gbogbo oyè tí ènìyàn lè fi pe obìnrin, èwo ló ju ìyẹn lọ? Mo gbé ohùn sókè, mo fi orin díẹ̀ sí i.

"Ìyá Ìbejì, ẹ máa bọ̀ o!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Mo wò ó pé òun ló fún mi ní bébà, mo na ọwọ́ sí i.

"Ẹ̀yin ni mò ń pè, mà. Ìyá Ìbejì."

Ìyá ọkọ rẹ̀ wò mí, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó tún wò mí.

"Ta ni ìyá ìbejì? Eléyìí? Ìyàwó ọmọ mi nìyí. Àkọ́bí ló wà nínú rẹ̀."

Ìyá ẹlẹ́pà ọjọ́sí wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Ó pàtẹ́wọ́: "Ẹ ṣe àmín ná! Ẹnu nọ́ọ̀sì ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ìbejì ni yóò bí!"

"Àmín!" ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáhùn.

Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi níbẹ̀. Ká ní mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé n ò mọ ìwé kà. Mo gbé káàdì sókè, mo ní, "Rárá o, ó wà lákọsílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà dìde. Kò wò mí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ó bọ́ sójú oòrùn, ó ń lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìyàwó lórí itan rẹ̀, kó tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó dúró títí gbogbo wọn fi lọ, ó ní kí n sọ ohun tí mo pè é. Mo sọ ọ́.

"Mo ní nọ́ńbà ni kí o máa pè."

"Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n."

"Nọ́ńbà kò ní ìyá ọkọ," ló wí. Ó gba páànù lọ́wọ́ mi. "Àbúrò mi, ohun tí o fi bọlá fún un náà lo fi bọ́ aṣọ lára rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, n ò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, màá tún un gbá. Bí mọ́tò bá dúró lójú títì, màá sáré yọjú.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá ọkọ dé pẹ̀lú Bàbá Ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga fún wọn.

"Nọ́ọ̀sì, a ò bá ìjà wá," ni Bàbá Ìjọ wí. "Ìyá yìí kàn fẹ́ mọ irú ẹni tó wọlé òun ni. Ẹ jẹ́ ká rí ìwé yẹn."

"Ìwé wo, Bàbá?"

"Ìwé ìgbẹ̀bí. Ìjọ ló kọ́lé yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀, ti ìjọ ni."

"Bẹ́ǹṣì, ti ìjọ ni. Bẹ́ẹ̀dì, ti ìjọ ni. Páànù yẹn, èmi ni mo jẹ bisikíìtì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ẹ, màá dà á sófo, màá fún yín. Ọ̀rọ̀ inú káàdì, ti ẹni tó sọ ọ́ ni. Ó sọ ọ́ fún mi kí n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Kò sọ ọ́ kí n fi dá ẹjọ́."

Ìyá ọkọ fò sókè. "Ṣé èmi lẹ̀ ń fi pamọ́ fún? Èmi tí mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ̀?"

"Mà, ẹ̀yin náà ti jókòó sórí àga yìí rí. Bí ìyàwó yín bá mú bàbá rẹ̀ wá lọ́la, tó ní kí n ṣí tiyín, kí ni kí n ṣe?"

Ìyá náà tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀," ni Bàbá Ìjọ wí.

"Ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ, Bàbá. Páànù dúró."

Ìgbìmọ̀ ti ọ̀kan nínú yàrá méjèèjì pa fún oṣù mẹ́ta. Àwọn aboyún ń jókòó sójú oòrùn, ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ̀bí nínú yàrá kan. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Oníkòyí ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí a gbọ́ pé ọmọbìnrin náà kò sí nílé ọkọ mọ́. Wọn kò lé e. Ìbéèrè ló pọ̀ jù, ó di aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ọkọ rẹ̀ wá a lọ sílé ìyá rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Oyún ti pé oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí aláìsàn.

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn tún lè dà. Ẹni tó bá gbẹ̀bí rẹ̀ láìmọ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó sáré wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára, ó ti bọ́. Òun náà kò ní sọ fún wọn. Ta ló tún fẹ́ sọ nǹkan fún nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ohun tí a ṣe fún un?"

"Ohun tí a ṣe" ló wí. Kò wí pé "ohun tí o ṣe."

Ó ṣí páànù, ó yọ káàdì náà, ó fi ọ̀rá wé e, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo sọ ọ́ nù, ìwọ ni wàá wá a rí. Ọwọ́ òun nìkan ni kí o fi káàdì yìí lé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ ìdí tí o fi ń wá a, o ò gbọdọ̀ sọ."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi: báwo ni ènìyàn ṣe ń wá ẹni láìsọ ìdí? Mo dé ilé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Ìrókò. Ìyá náà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọmọ òun ṣe, mo ní mo kàn fẹ́ kí i ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí eruku ti kùn, ó ní, "Láti ibo lo ti wá kí i?" ó sì ti ilẹ̀kùn. Epo bẹntiróòlù ò sí lásìkò yẹn, mọ́tò wọ́n. Mo dúró sí Mọ́níyà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo rí ọ̀kadà kan gùn dé Ajíbọ́dé. Láàárín àwọn yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà gbé, mo ń bi ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kọ̀ọ̀kan, títí mo fi bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, kò sì dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fún un ni, mà."

"Ẹ gbé e síbí, màá fún un."

"Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n fi lé."

Ó gbójú sókè, ó wò mí dáadáa. "Àbí ẹ̀yin ni ìyáálé tó fẹ́ gba ọkọ rẹ̀ padà? Ẹ sọ òótọ́ o, ẹ ti dàgbà díẹ̀ fún ìjà."

Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá mọ ibi tó wà, kó sọ fún mi.

"Ọ̀rọ̀ ọmọọṣẹ́ mi kì í ti ẹnu mi jáde fún ẹni tí n kò mọ̀," ló wí. "Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bó bá fẹ́ rí yín, ẹ ó gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ gba f'Ọ́lọ́run."

Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ránṣọ mọ ohun tí èmi tí mo ń mú káàdì kò mọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀: "Ẹ sọ fún un pé ẹni tó pè é ní ohun tí kò yẹ ní gbangba ti wá, pé mo mú ohun ìní rẹ̀ wá fún un."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Ẹ má bi mí bí mo ṣe lò ó. Mo ń ka oṣù oyún rẹ̀ lórí ìka bí ẹni pé inú mi ló wà. Ní ọjọ́ kẹwàá, awakọ̀ akérò kan dúró níwájú ilé ìgbẹ̀bí, ó ní wọ́n ní kí obìnrin tó ń mú káàdì wá sí Adégbayì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó bèèrè obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́bàá oríta, kó má mú ẹnikẹ́ni dání.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni oní-kẹrosíìnì náà. Mo bá ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mọ́tò tó ń lọ sí Ifẹ̀ ti ń pariwo létí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ká etí aṣọ. Mo kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tó bí mi."

"N ò ní dìde títí mo fi bẹ̀ ọ́ tán."

"Ẹ ti bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n rí nǹkan tí ẹ ní ó jẹ́ tèmi."

Mo tú ọ̀rá, mo fi káàdì lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò ka ìwé púpọ̀, gẹ̀ẹ́sì nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ nípa mi?"

Ẹ gbọ́ o. Láti ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nínú páànù, èmi ti kà á, mo ti fi pariwo, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo kà á fún un jẹ́jẹ́, mo ń túmọ̀ rẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ga tó, ẹ̀jẹ̀ tó dà. Ìbejì, obìnrin méjèèjì. Àkọ́kọ́ kò ké. Èkejì kú ní ọjọ́ keje.

"Rárá."

Mo gbé ojú kúrò lórí káàdì.

"Kì í ṣe ọjọ́ keje. Nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀, ilé ìyá mi ni. Ọjọ́ kẹsàn-án ni. A ti sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó gba orúkọ rẹ̀ kó tó lọ." Ó fi ìka kan ibi tí mo ń kà. "Ẹ tún un kọ."

Mo yọ báírò nínú báàgì mi, mo fa ìlà sórí keje, mo kọ kẹsàn-án. Ó ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á. Ó wá gba káàdì, ó fi sínú ìró rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí o fi han ẹni tó bá máa gbẹ̀bí rẹ," ni mo wí. "Ní ọsibítù ńlá. Kí wọ́n ti mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ kí ó tó kàn wọ́n. Nítorí Ọlọ́run."

"Bó bá kàn mí, màá fi hàn. Èmi ni màá fi hàn án." Ó ń wo títì. "Ohun tó ń dá mi lágara kì í ṣe ìyẹn, mà. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé ìbejì, Ìdòwú ni. Bí mo bá bí ọmọ yìí, tí wọ́n bèèrè orúkọ, kí ni màá sọ? Bí n kò bá pè é ní Ìdòwú, mo ti pa àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá pè é ní Ìdòwú, mo ti sọ fún gbogbo ayé."

Mo bá a di etí aṣọ tó ń ká mú. Mo ti fi ẹnu mi ṣe tó.

Oṣù kan kọjá kí awakọ̀ kan náà tó tún dúró. Kò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yọ orí, ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ dà o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ka káàdì, ẹ̀jẹ̀ míì ti wà nílẹ̀. Ìyá wà, ọmọ wà." Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì jó láàárín ọ̀nà, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ, awakọ̀ kò mọ̀. Èmi náà kò bèèrè. Nígbà tí a tún ń mú káàdì, nọ́ńbà ni mo ń pè, ìyá ẹlẹ́pà sì ń bú mi títí ó fi dáwọ́ ọmọ bíbí dúró.

Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nílùú ka òfin tuntun kan sí mi létí láìpẹ́ yìí, òfin tí ìjọba ṣe lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti nínú ìwé. Ó ní ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò sì gbọdọ̀ fi ṣe òmíràn. Ó ní kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò lọ. Ó ní onítọ̀hún lè ní kí wọ́n fi tòun han òun, kó sì ní kí wọ́n tún ibi tó bá ṣì tò. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ lásán. Mo ní kó tún un kà. Mo bi í pé ta ló lọ sọ fún ìjọba nípa páànù bisikíìtì. Ó rò pé mo ti ń ṣarán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí òfin yẹn tó dé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ yẹn ni, nígbà tí ológun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Àyà ló ń dùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ páànù fún mi, ó fi àgbélébùú sílẹ̀. "Dá káàdì wọn padà fún wọn," ló wí. "Ẹni tí o kò bá rí, sun tirẹ̀. Má kà á fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà wá bá mi. Ó ti bá àwọn ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ nípa ìwé ètò ìsìnkú.

"Màmá Kékeré, ẹ fún mi ní páànù yẹn. A ó tẹ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n gbà sáyé sẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn. Gbogbo ayé á mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe."

Bó ti ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ohùn ara mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn. Orin kan náà ni. Ọlá ni òun náà fẹ́ bù fúnni.

"Àwọn tí ìyá rẹ gbẹ̀bí wọn mọ ara wọn," ni mo wí. "Wọ́n á wá."

"Ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Ìyá rẹ ni mo gbà gbọ́, ọmọ mi."

Inú bí i, ó lọ. Títí ọjọ́ ìsìnkú, n ò sinmi. Mo gbé páànù lé orí, mo ń lọ láti abúlé dé abúlé, láti Ìrókò sí Mọ́níyà sí inú oko. Màá kí ìyá kan, màá ní kó bá mi dé ẹ̀yìnkùlé, màá fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Òmíràn rẹ́rìn-ín, òmíràn ya tirẹ̀ lójú mi. Ìyá ọkọ ọmọbìnrin yẹn náà gba tirẹ̀. Ó fi sábẹ́ ẹní, ó bu omi fún mi mu. Èyí tó kù ni mo dáná sun lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo dúró tì í títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú.

Ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Iṣẹ́ mi ni láti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí n máa kí àwọn tó ń bọ̀. Mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò Ìwó Road, ó ti sanra díẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n dé iwájú mi. Àwọn èèyàn wà lọ́tùn-ún, wọ́n wà lósì, Bàbá Ìjọ wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n kí i, ó yẹ kí n pè é ní ìyá ẹnì kan, ẹnu mi sì wúwo bí òkúta. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," n ò lè fi nǹkan kan kún un.

Ó wò mí. Ó mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ti ọmọ náà síwájú.

"Kí Màmá. Sọ orúkọ rẹ fún wọn."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ìdòwú ni mí."

Mo wo ọkọ. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi ni mo sọ fún wọn, mà," ni ìyá ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀. "Ní ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí ọkọ mi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá bá mi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá Ìdòwú, ẹ wọlé." Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn ìsìn, la sin Àbẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí.